Ta Ló Yọ Páànù Orúkọ Lára Bàálù Orrin?

Ihò mẹ́rin ni Lavonne Tveit bá níbi tí páànù orúkọ yẹ kó wà.

Ó mú àkísà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń nu eruku kúrò lára bàálù tí Orrin ọkọ rẹ̀ ti ń tò bọ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi, torí pé olùyẹ̀wò tí ìjọba yàn máa dé kí oòrùn tó mú. Àkísà náà dé ẹ̀gbẹ́ ìrù, níbi tí páànù irin kékeré náà máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ló bá figbe ta, igbe náà sì sọdá ọ̀nà wá bá mi nínú gáréèjì tèmi, níbi tí èmi Merle Hatlestad jókòó sí tí mò ń mu kọfí mi jẹ́jẹ́. Kọfí náà dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ní pápá bàálù Lund Coulee, a kì í pariwo. Bí igi bá wó lu ọkọ̀ ẹnì kan níbí, ohun tó máa sọ ni pé, “Ó dáa náà, ó kúkú ti ń gbó.” Àwọn baba ńlá wa kó ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ mọ́ ẹja gbígbẹ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Norway wá sí Wisconsin, a ti jẹ ẹja náà tán, ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ igbe yẹn, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé Orrin ti kú.

Orrin kò kú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù bàálù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóótù, ó ń wo ilẹ̀.

“Wọ́n ti jí i, Merle,” ni Lavonne wí. “Wọ́n ti jí orúkọ wa.”

Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ni páànù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ ṣe. Ó ń ṣe é. Bàálù tí èèyàn rà ní ègé-ègé nínú àpótí, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ìjọba kò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àfi tí irin pẹlẹbẹ tí iná kò lè jó bá wà lára rẹ̀, tí wọ́n fín orúkọ ẹni tó tò ó sí. Kò sí páànù, kò sí àyẹ̀wò. Kò sí àyẹ̀wò, kò sí ìwé. Bàálù tí kò bá sì níwèé, ilé adìyẹ ni, ó kàn wọ́n ju ilé adìyẹ lọ ni. Olùyẹ̀wò náà kò sì ní lè padà wá títí yìnyín ọdún yìí yóò fi bọ́ tí yóò fi tún yọ́.

Lavonne ti pe ọlọ́pàá kí n tó dé. Ọlọ́pàá àti olùyẹ̀wò wá wọlé tẹ̀lé ara wọn.

*

Bernadine Jarocki lorúkọ olùyẹ̀wò náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó máa ń gbé búrẹ́dì tirẹ̀ dání kó má baà jẹ gbèsè ọ̀yàyà ẹnikẹ́ni. Kó tó di olùyẹ̀wò bàálù, ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ló bá ṣiṣẹ́, òun ló ń tú àṣírí àwọn àgbẹ̀ tó ń dáná sun abà ara wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní irọ́ kì í kọjá níwájú rẹ̀ láì tiro.

Kò kí wa pẹ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka kan ra etí ihò àkọ́kọ́, ó ra èkejì, ó ra ẹ̀kẹta. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ náà.

“Ta ló gbá ilẹ̀ níbí láàárọ̀ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó gbá a,” ni Lavonne dáhùn. “Àkísà nìkan ni mo mú wá.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni Tveit?”

Orrin mi orí, kò yọwọ́ nínú àpò.

Schommer ọlọ́pàá, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó dé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́. “Olè irin ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó irin lọ nínú abà kan ní ìsàlẹ̀ odò.”

“Olè irin,” ni Ìyáàfin Jarocki wí. Ó na ìka sí ẹ́ńjìnnì, ó na ìka sí àwọn aago olówó iyebíye tó wà níwájú àga awakọ̀. “Ó rí gbogbo èyí, ó ní rárá o, àpọ́nlé ti pọ̀ jù, ó wá mú páànù tí kò lè fi ra ife bíà kan.”

“Bóyá ìkánjú ló bá a.”

“Ẹni tí ìkánjú bá kì í dúró gbálẹ̀, ọmọ mi.”

Schommer wo ilẹ̀. Èmi náà wò ó. Lóòótọ́, kò sí ìyẹ̀fun irin kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í fi dírìlì lu irin kí ìyẹ̀fun rẹ̀ má dà sílẹ̀.

“Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí?” ni Ìyáàfin Jarocki bi wá.

Gbogbo wa wo ara wa. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ti gáréèjì ní Lund Coulee. Bí o bá ti tìrẹ, àwọn aládùúgbò á máa bi ìyàwó rẹ bóyá ara rẹ yá.

*

Duane Pfaff ni Schommer kọ́kọ́ dárúkọ, torí pé òun àti Orrin ti fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó yẹ kó kó yìnyín iwájú gáréèjì. Pfaff ló ni gáréèjì tó gbẹ̀yìn, òtútù ibẹ̀ sì lè pa màlúù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ti ń wá gáréèjì Orrin, nítorí pé tirẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlé-gbóná.

A bá a tó ń fi òróró sí ìsàlẹ̀ bàálù tirẹ̀. Kò dìde.

“Níbo lẹ wà lánàá?” ni Ìyáàfin Jarocki bi í.

“Orí ẹ̀rọ ìkórè. Sóyà mi ti gbẹ. Ẹ bi ìyàwó mi, òun ló ń gbé oúnjẹ wá bá mi, ó sì ń bú mi.”

“Wọ́n ní ẹ ń wá gáréèjì Orrin.”

“Ta ni kò wá a? Merle tó dúró yẹn náà ń wá a, ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná, ìyáàfin. Ọjọ́ tí bàálù yẹn bá fò ni Orrin máa gbé e lọ sí ilé rẹ̀ tó wà létí odò, ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jí páànù rẹ̀, ṣé kí bàálù lè jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ àjíǹde ni?”

Ìyáàfin Jarocki rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti dá a láre, mo rí i. Ìbá dáa ká kúrò níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu Pfaff kò ní bíréèkì.

“Bí ẹ bá ń wá ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wádìí,” ló wí, “ẹ bi Orrin pé ta ló ń bá a kan ìṣó rífẹ́ẹ̀tì mọ́ irin bàálù rẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, mo rí ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn nígbóro. Mo wa ọkọ̀ padà síbí tààrà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kan rífẹ́ẹ̀tì, tàtàtàtà, nínú gáréèjì Orrin. Orrin wà ní ilé ìwòsàn o. Ta ló ń kàn án? Àǹjọ̀nú?”

Schommer fa ìwé rẹ̀ yọ. Ẹ̀rín ojú Ìyáàfin Jarocki ti lọ.

Inú mi bàjẹ́. Òfin ni pé ó kéré tán, ohun tó ju ìdajì bàálù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ àwọn tó tò ó fún ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn ara wọn jáde. Bí èèyàn bá háyà oníṣẹ́ ọwọ́ láti bá a tò ó, tó wá búra pé òun ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní páànù tó sọnù. Wọn kò ní fi orúkọ bàálù náà sílẹ̀ láéláé, kò ní fò láéláé, Orrin á sì rí ẹjọ́ irọ́ rò. Gbogbo ọjọ́ ayé tọkọtaya yẹn ló wà nínú ohun tó wà ní gáréèjì náà. Wọn kò tíì ra ọkọ̀ tuntun láti ìgbà tí wọ́n ti ra àpótí àkọ́kọ́.

*

Ó kàn mí.

“Ọ̀gbẹ́ni Hatlestad, wọ́n ní níbi tí gbogbo yín ti máa ń jẹ ẹja díndín lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ní bàálù yìí ló máa di pósí Orrin.”

“Ẹ̀fẹ̀ ni, ìyáàfin. Mo ti mu ọtí díẹ̀.”

“Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí dírìlì yín.”

Mo mú u lọ bá dírìlì mi. Aláǹtakùn ti ta òwú láti ẹnu rẹ̀ dé orí ògiri, ó tún ti kó ọmọ jọ síbẹ̀.

“Ẹ ò jẹ̀bi,” ló wí. “Ọ̀lẹ ló gbà yín sílẹ̀.”

Schommer rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í bá ẹni tó dá a láre jà.

A padà sídìí bàálù Orrin. Ìyáàfin Jarocki di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìyẹ́ bàálù náà láti òpin dé ìdí, lórí àwọn rífẹ́ẹ̀tì tó tò lọ bí ẹ̀wà. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó ra ìrù. Ó padà sí ìyẹ́. Orrin àti Lavonne dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò sún mọ́ra, wọn kò sì jìnnà síra.

“Ọwọ́ méjì ni,” ló sọ fún èmi àti Schommer kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹni tó kan ti ìyẹ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹni tó kan ti ìrù ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Ẹ wá, ọ̀gbẹ́ni Hatlestad. Ẹ ki apá yín bọ ibí yìí.”

Ibi tí ara bàálù ti tín-ín-rín sí ìrù ni. Ẹni tó bá ń kan rífẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ki apá kan sínú kó fi irin gbá a mú, kó sì máa fi ọwọ́ kejì kàn án láti ìta. Mo ki apá mi bọ̀ ọ́. Ó há ní ìgúnpá. Wọ́n fà mí títí awọ ara mi fi bó.

“Apá Orrin ju tèmi lọ,” ni mo wí, mo ń ra ìgúnpá mi. “Ó ti ń gbé garawa wàrà láti kékeré. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ni Ìyáàfin Jarocki wí.

“Ó dájú nìyẹn,” ni Schommer wí. “Ó háyà oníṣẹ́ tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Oníṣẹ́ náà bínú, ó wá yọ páànù. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi Orrin ní orúkọ rẹ̀.”

“Ẹ dákẹ́ ná. Ebi ń pa mí.”

*

Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra, ibẹ̀ la máa ń jókòó sí. Lavonne ti gbé kọfí kalẹ̀, òun àti kéèkì elépo ẹ̀pà tó máa ń gé ní onígun mẹ́rin. Ó bu fún Schommer, ó bu fún mi, ó bu fún ara rẹ̀. Ìyáàfin Jarocki ní tòun wà nínú àpò. Ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bá ìkòkò kọfí náà lọ yíká tábìlì.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá fi kọfí lọ̀ ọ́, wàá ní rárá, o ṣeun. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá ní kí wọ́n má dààmú ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá wá ní, “Ó dáa, ìwọ̀nba díẹ̀,” lẹ́yìn náà wàá mu ìkòkò náà tán. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, pásítọ̀ wa pàápàá kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Ìyáàfin Jarocki fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó bu kọfí sí ife, ó tì í síwájú Orrin.

“Ẹ mu kọfí, ọ̀gbẹ́ni Tveit.”

“Rárá, ẹ ṣeun.”

“Ó gbóná o.”

“Ẹ má dààmú ara yín.”

“Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú. Díẹ̀ péré.”

“Mi ò mu ún,” ni Orrin wí.

Mo gbé ife tèmi sílẹ̀. Ọmọ Norway, ọmọ ìjọ Luther, tí òtútù ti sọ etí rẹ̀ di pupa, ló kọ kọfí lẹ́ẹ̀kẹta! Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti rí irú rẹ̀ rí, ẹni náà ti dákú.

“Ó ti mu tirẹ̀ nílé,” ni Lavonne yára wí.

Ìyáàfin Jarocki wo Orrin, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Ó wá wo Lavonne, tí kò tilẹ̀ fi kọfí lọ ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára.

“Ẹ máa lọ ibi iṣẹ́ yín, ọlọ́pàá,” ló sọ fún Schommer. “Kò sí olè níbí.”

*

Schommer lọ, bàtà rẹ̀ ń dún. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ, nítorí náà mi ò lọ. Inú gáréèjì Orrin, a dúró ti tábìlì iṣẹ́. Ìyáàfin Jarocki kò gbé ohùn sókè rárá.

“Ọ̀gbẹ́ni Tveit, bí olè bá fẹ́ yọ páànù yẹn, á fi nǹkan gún un, á fà á ya. Ẹni tó yọ ọ́ fi dírìlì lu orí rífẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tó yọ ọ́ tán, ó fá etí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi dán, kí irin má baà sán níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Olè wo ló ń ronú nípa ọjọ́ iwájú bàálù tó ń jà lólè? Ó tún gbálẹ̀. Ẹni tó bá ti to bàálù rí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí orí tó ní kó ṣe é. Ó fẹ́ràn ohun tó ń bà jẹ́ náà.”

Ó na ìka sí ìrù bàálù.

“Ihò mẹ́ta ló dára. Ní ìkẹrin, dírìlì yọ̀, ó ha ara bàálù. Oníṣẹ́ tí wọ́n háyà kì í ha ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó...” Kò parí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi pé kò parí rẹ̀.

“Èmi ni mo yọ ọ́,” ni Lavonne wí.

“Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, ẹ wá ké débi tí kọfí fi dà sí Merle lẹ́sẹ̀?”

“Ojú ń tì mí ni.”

“Níbo lẹ wá fi sí?”

Lavonne la ẹnu, kò rí ibì kan dárúkọ. Ó wo selifu, ó wo àpótí irinṣẹ́, ó wo èmi, bí ẹni pé mo lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Nínú irọ́ pípa, òmùgọ̀ ni obìnrin tó dáa.

“Ó tó, Lavonne,” ni Orrin wí.

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú àpò. Páànù náà wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, irin náà sì ń lu pákó, kọ-kọ-kọ-kọ, kò dúró títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ kejì. Òun náà ń gbọ̀n. Ogójì ọdún ni mo ti mọ ọkùnrin yìí, gáréèjì wa kọjú síra, mi ò mọ̀. Ó dùn mí wọra.

“Wọ́n ní kí n búra pé èmi ni mo tò ó,” ló wí. “Orúkọ mi ló wà lára páànù. Mo to ìyẹ́. Mo to àga, mo gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Ìrù kì í ṣe tèmi, ara rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ó ju ìdajì lọ. Mo ti ṣírò rẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Mi ò lè búra irọ́. Mi ò sì lè...” Ó dúró. “Mo rò pé bí páànù bá sọnù, àyẹ̀wò á di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Bóyá ọwọ́ yìí á ti dáa nígbà náà.”

“Kí ni dókítà wí?”

“Ó ní kò ní dáa.”

Lavonne fọwọ́ bo ẹnu. Kò ṣe é bí ẹni tó gbọ́ ohun tuntun. Ó ṣe é bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n sọ ọ́ fún òun tipẹ́.

“Ta ló parí ìyókù?” ni Ìyáàfin Jarocki bi wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá Lavonne tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná wà lórí tábìlì níwájú gbogbo wa.

“Èmi ni,” ni Lavonne wí. “Ó máa ń fi nǹkan sílẹ̀ ní àbọ̀. Bó bá ti lọ sí ilé ìwòsàn, mo máa wá síbí, màá parí rẹ̀. Bó bá dé, á wò ó. Kò ní sọ nǹkan kan. Èmi náà ò ní sọ nǹkan kan.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ìgbà òtútù méjì.”

Ẹ gbà mí. Ìgbà òtútù méjì ni wọ́n fi ń jẹun lórí tábìlì kan, tí wọ́n ń sùn lórí ibùsùn kan, tí èkíní mọ̀, tí èkejì mọ̀ pé ó mọ̀. Ọkùnrin náà tún wá yàn láti jí nǹkan ara rẹ̀ kó má baà la ẹnu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Inú bí mi sí wọn débi pé omi lé sí mi lójú.

“Mo gbọ́dọ̀ bi yín, ìyáàfin Tveit,” ni Jarocki wí. “Ṣé ó san owó fún yín?”

“Owó?” Lavonne rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. “Ọkùnrin tí kò ra òdòdó fún mi rí, àfi ìgbà tí ìjọ bá ń tà á!”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é?”

“Kó lè ní ohun tó máa jí lọ wò láàárọ̀.” Ó nu ojú. “Nígbà tó yá, mo rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ ohun kan nípa irin tẹ́lẹ̀. Mo wá ń dé ibí, màá máa kọrin.”

Ìyáàfin Jarocki mí kanlẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni Tveit, ẹ ti ka òfin náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n sórí.”

“Ẹ kà á fún mi.”

“Èyí tó pọ̀ jù lára bàálù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó tò ó fún ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn ara...”

“Ẹ dúró níbẹ̀. Iṣẹ́ ta ni?”

“Àwọn tó tò ó.”

“Àwọn,” ni Ìyáàfin Jarocki wí.

Orrin wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó ti kà á tó ìgbà tí kò lóǹkà, ‘àwọn’ ló ń kà, ‘ẹni’ ló ń gbọ́ lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ ọkùnrin, bí ìyàwó rẹ bá bá ọ ṣe é, ó ti di iṣẹ́ tí o kò lè ṣe nìyẹn. Kò sí ibì kankan tí ìjọba ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwa la fi kún un.

“Òfin kò kọ iṣẹ́ ìyàwó yín,” ni Jarocki wí. “Ẹni tí wọ́n bá sanwó fún ló kọ̀. Bàálù yìí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Páànù rẹ̀ ló purọ́, torí pé orúkọ kan ló wà lára rẹ̀.”

*

Pfaff ní ẹ̀rọ tó fi ń fín orúkọ sára ife ẹ̀yẹ ìdíje màlúù. Mo lọ gbé òun àti ẹ̀rọ náà wá. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lọ́nà, ojú sì tì í débi pé kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

“Orúkọ ta ló máa ṣáájú?” ló bi wọ́n, irin tuntun ti wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.

“Tirẹ̀,” ni Orrin wí.

“Rárá, tirẹ̀ ni,” ni Lavonne wí.

“Tìẹ ni kó ṣáájú, Lavonne.”

“Ẹ má jẹ́ kó dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́,” ni Pfaff wí. “Òtútù ń mú mi.” Ó fín ti Lavonne sókè, ó fín ti Orrin sísàlẹ̀.

Lavonne kan páànù náà mọ́ ìrù. Ìyáàfin Jarocki wá yẹ bàálù náà wò láti imú dé ìdí, kò sì fojú fo nǹkan kan nítorí àánú. Ó rí nọ́ọ̀tì kan tí kò le tó, ó ní kí wọ́n le é. Ó bi Orrin pé ta ló máa wà á.

“Èmi kọ́,” ni Orrin wí. Ó wo àga awakọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán awọ rẹ̀. “Mo ti kọ̀wé nínú ọkàn mi sí dókítà tó ń fọwọ́ sí ìwé awakọ̀ bàálù mi pé mi ò lè wà á mọ́, mi ò tíì fi ránṣẹ́ ni. Màá fi ránṣẹ́. Pfaff máa kọ́kọ́ gbé e gòkè. Lẹ́yìn náà, èmi á jókòó ti ẹni tó bá ń wà á.” Ó fọwọ́ kan àga náà. “Mo fẹ́ wà á o. Mo fẹ́ wà á gan-an.”

Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Pfaff yí ojú sí ògiri.

Ìwé ìbúra ló kù. Ìyáàfin Jarocki ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ nínú àpò, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ní kí àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n gbé e. Ti Orrin ń gbọ̀n lókè níbẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó sì búra pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì ni.

Ó mú bírò. Ẹnu bírò náà ń jó lórí ìwé, kò rí ìlà. Lavonne na ọwọ́, ó fẹ́ bá a di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè dúró.

“Jẹ́ kó gbọ̀n,” ni Orrin wí. “Orúkọ mi náà ni.”

Ó kọ ọ́ tán, ó wọ́ bí ojú ẹsẹ̀ adìyẹ, ó sì gbé bírò fún ìyàwó rẹ̀.